Inú irin, inú iyọ̀, inú idẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí átọ́ọ̀mù ṣe ń tò àti àbùkù tó wà láàárín wọn

Akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ajórin tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ohun kan náà ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn mi: bí átọ́ọ̀mù, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di gbogbo nǹkan, ṣe jókòó ti ara wọn, àti ibi tí ìjókòó náà ti bàjẹ́, ló ń pinnu bí nǹkan yóò ṣe le, bí yóò ṣe tẹ̀ àti irú àwọ̀ tí yóò ní. Ohun dúdú inú pẹ́ńsù àti dáyámọ́ńdì, kábọ̀ọ̀nù ni àwọn méjèèjì. Ìjókòó ló yàtọ̀.

Kí ni kírísítálì? Ṣé kì í ṣe òkúta olówó iyebíye ni?

Òkúta olówó iyebíye wà lára wọn, ṣùgbọ́n agbo náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kírísítálì ni ohun líle tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò ní ọ̀nà kan, tí ọ̀nà yẹn sì ń padà wá léraléra láti ìgun dé ìgun, bí ọnà ara àdìrẹ. Ẹni tó bá rí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan nínú aṣọ náà ti mọ bí èyí tó kù ṣe rí. Iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ kírísítálì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúgà, yìnyín, yanrìn etí odò, ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, òrùka wúrà àti irin tí wọ́n fi ń ṣe òpó ilé.

Ohun tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni pé irin kì í ní igun bíi ti iyọ̀. Ìdí ni pé irin kan ṣoṣo jẹ́ àkójọ hóró kéékèèké tí kò lóǹkà. Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ kírísítálì tirẹ̀, ó sì kọjú sí ibi tó wù ú. Ibi tí hóró méjì ti pàdé là ń pè ní ààlà hóró. Nínú irin tí à ń lò lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ hóró ni kò nípọn tó irun orí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo garawa onípáànù tuntun tàbí páànù ìbolé tí wọn kò kùn. Àwọn àmì bí òdòdó tí ẹ rí lára rẹ̀, hóró síńkì ni wọ́n, tí ojú lásán ń rí. Wọ́n ń dán ní oríṣiríṣi nítorí pé kálukú kọjú síbi tó yàtọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo òdòdó yẹn lára garawa omi ilé wa, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ ńlá ni mo ń wò.

Átọ́ọ̀mù kò ṣeé fojú rí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ bó ṣe tò?

Ìtànṣán X ló tú àṣírí náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán eegun ní ọsibítù. Ní 1912, ní ìlú Munich ní Jámánì, Max von Laue rò pé bí átọ́ọ̀mù bá tò létòlétò lóòótọ́, ìtànṣán tó bá gba àárín wọn kọjá yóò fọ́n ká létòlétò bákan náà. Walter Friedrich àti Paul Knipping tàn án sí kírísítálì aláwọ̀ búlúù kan tí bàbà wà nínú rẹ̀, àwọn àmì tó-tò-tó sì yọ lójú fíìmù. Laue gba ẹ̀bùn Nobel ní 1914. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Henry Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence wá fi ọgbọ́n kan náà ka ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Bàbá àtọmọ jọ gba ẹ̀bùn náà ní 1915, ọmọ ọdún 25 sì ni Lawrence.

Iyọ̀ wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kà. Sódíọ́ọ̀mù àti kílórínì ló para pọ̀ di iyọ̀, àwọn onímọ̀ sì ti rò pé sódíọ́ọ̀mù kan á di ọwọ́ kílórínì kan mú, bíi tọkọtaya. Wọn kò rí tọkọtaya kankan níbẹ̀. Sódíọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kílórínì mẹ́fà yí ká, kílórínì kọ̀ọ̀kan sì ní sódíọ́ọ̀mù mẹ́fà. Agboolé ni, ẹnikẹ́ni kò ní ẹnìkan ṣoṣo níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà.

Ọ̀nà mélòó ni wọ́n ń gbà tò?

Bí a bá ka gbogbo ọ̀nà tí ojú kan fi lè máa padà wá létòlétò, 14 ni. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín, nítorí mẹ́ta péré ló gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn irin tí ẹ mọ̀ lórúkọ.

Ẹ lọ bá ìyá ọlọ́sàn lọ́jà. Ó to ọsàn ìsàlẹ̀ kí wọ́n fara kan ara wọn. Kò gbé ti òkè lé orí ọsàn kan ní gbọnrangandan, torí yóò ṣubú. Inú kòtò tó wà láàárín ọsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló fi í sí. Ohun tí bàbà, wúrà, fàdákà, òjé àti alumíníọ́ọ̀mù ṣe gan-an nìyẹn. Ọsàn tó wà ní àárín irú òkìtì bẹ́ẹ̀ fara kan ọsàn 12, àwọn ọsàn náà sì gba nǹkan bí ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún àyè tó wà. Johannes Kepler sọ ní 1611 pé kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà to bọ́ọ̀lù tó dọ́gba kí ó ju èyí lọ. Ó tó 1998 kí Thomas Hales tó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, ó sì tó 2014 kí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tó fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ìlà ẹ̀rí náà wò tán. Ohun tí ọwọ́ ìyá ọlọ́sàn ti mọ̀ ni wọ́n fi nǹkan bí irínwó ọdún wá ẹ̀rí sí.

Ìpele kẹta ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Bí ọsàn ìpele kẹta bá wà ní ọ̀gangan ti ìpele kìíní, ìtò onígun mẹ́fà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni síńkì, màgnẹ́síọ́ọ̀mù àti titáníọ́ọ̀mù ṣe tò. Bí ó bá bọ́ sí kòtò mìíràn, tó jẹ́ pé ìpele kẹrin ló padà sí ọ̀gangan ti ìkínní, ti bàbà àti wúrà nìyẹn. Tí ẹ bá wò ó ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àpótí tí átọ́ọ̀mù wà ní igun rẹ̀ mẹ́jọ àti ní àárín ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. N ó máa pè é ní àpótí olójú-kún. FCC ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń kọ.

Ẹ̀kẹta ni ti irin tútù, kúrómíọ́ọ̀mù àti tọ́ńsítínì: átọ́ọ̀mù wà ní igun mẹ́jọ, ọ̀kan sì jókòó sí agbedeméjì àpótí. Àpótí aláàárín-kún ni tèmi, BCC ni ti ìwé. Aládùúgbò mẹ́jọ ni kálukú ní níbẹ̀, ìdá 68 ni wọ́n sì gbà. Ti onígun lásán, tí kò sí nǹkan ní àárín rẹ̀, kò gbà ju ìdá 52 lọ. Pólóníọ́ọ̀mù nìkan ni irin tí mo mọ̀ tó ń tò bẹ́ẹ̀ láìsí ipá.

Bàbà àti síńkì kún dọ́gba. Kí ló dé tí bàbà fi rọrùn láti tẹ̀ jù ú lọ?

Ìpele tó kún ló máa ń yọ̀ lórí ìpele ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ irin. Nínú àpótí olójú-kún, irú ìpele bẹ́ẹ̀ dojú kọ ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè yọ̀ sí ìhà mẹ́ta; àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Níbi tí ẹ bá ti fà á, ẹ ó bá ọ̀nà kan níbẹ̀. Ìtò onígun mẹ́fà kò ní ju mẹ́ta tó rọrùn lọ.

Olùkọ́ ní kí a fi àpótí bàbà wá bí bàbà ṣe wúwo tó. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ ka átọ́ọ̀mù tó jẹ́ ti àpótí náà gan-an. Àpótí mẹ́jọ ló ń pín átọ́ọ̀mù igun kọ̀ọ̀kan, nítorí náà igun mẹ́jọ já sí ẹyọ kan. Àpótí méjì ló ń pín ti ojú, nítorí náà ojú mẹ́fà já sí mẹ́ta. Mẹ́rin ni àpapọ̀. Ẹ fi 63.55, ìyẹn ìwúwo átọ́ọ̀mù bàbà nínú ìwé, lọ́nà mẹ́rin, kí ẹ pín in pẹ̀lú 6.022 × 10²³, ìyẹn iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú 63.55 gíráàmù bàbà. Gíráàmù tó wà nínú àpótí kan nìyẹn. Ìbú àpótí bàbà jẹ́ 0.3615 nánómítà, ìyẹn 3.615 × 10⁻⁸ sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi lọ́nà ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá pín èyí àkọ́kọ́ pẹ̀lú èkejì, ẹ ó rí nǹkan bíi 8.94 gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà kan lọ́nà mẹ́ta. Ẹ wá gbé bàbà gidi sórí òṣùwọ̀n, iye náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo rò pé mo ṣèèṣì ni.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá ki irin bọ iná, tó sì tún kì í bọ omi?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí a rọra mú un.

Irin kì í jókòó sí ibì kan. Bí ó bá tutù, aláàárín-kún ni. Bí ẹwìrì bá fẹ́ iná tó fi gbóná dé 912°C, àwọn átọ́ọ̀mù náà dìde, wọ́n sì tún ara wọn tò ní olójú-kún. Ẹ rántí pé olójú-kún ló kún jù, nítorí náà irin tó ti ń wú bọ̀ látọwọ́ ooru yóò ṣàdédé sún kì níbẹ̀, ìsúnkì kékeré tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ń rí dáadáa. Bí ó bá dé 1394°C, ó tún padà sí aláàárín-kún, títí yóò fi yọ́ ní 1538°C.

Kábọ̀ọ̀nù ló wá sọ ìyípadà yìí di ọrọ̀. Átọ́ọ̀mù kábọ̀ọ̀nù kéré débi pé ó lè wọ àlàfo àárín àwọn átọ́ọ̀mù irin. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí átọ́ọ̀mù ńlá kò lè ṣe, kábọ̀ọ̀nù ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àlàfo wo ni yóò wọ̀? Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Aláàárín-kún ní òfìfo tó pọ̀ jù lápapọ̀, àmọ́ òfìfo náà fọ́n ká sí wẹ́wẹ́. Ti olójú-kún kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan fẹ̀. Ilé tó ní kọ̀rọ̀ ogún tí ènìyàn kò lè sùn sí kò dà bí ilé tó ní yàrá àlejò kan. Ìdí nìyẹn tí irin gbígbóná fi lè gba kábọ̀ọ̀nù tó tó ìdá 2.14 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, tí aláàárín-kún kò sì lè gbà ju ìdá 0.022 lọ.

Bí irin oníkábọ̀ọ̀nù bá rọra tutù, kábọ̀ọ̀nù á ráyè jáde, á sì kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí alágbẹ̀dẹ bá kì í bọ omi lójijì, kò sí àyè ìjáde. Àpótí fẹ́ padà sí aláàárín-kún, kábọ̀ọ̀nù sì há sínú rẹ̀, nítorí náà àpótí náà gùn ní ìhà kan, ó sì lọ́ pọ̀. Ìtò yìí ni wọ́n fi orúkọ Adolf Martens ará Jámánì sọ ní mátẹ́ńsáìtì. Ó le púpọ̀, ó sì ń fọ́ bí àwo. Ìdí nìyẹn tí alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ fi máa ń dá irin náà padà sẹ́nu iná díẹ̀, tó ń wo àwọ̀ tó ń yọ lójú rẹ̀: bíi koríko gbígbẹ ní nǹkan bíi 220°C, búlúù ní nǹkan bíi 300°C. Kábọ̀ọ̀nù díẹ̀ ń ráyè mí nígbà yẹn, irin á dín líle kù, kò sì ní fọ́ mọ́. Àwọn bàbá wa tó di ẹmú lọ́wọ́ kò ní òṣùwọ̀n ooru. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ojú náà kò sì purọ́ fún wọn.

Mo ki ọ̀bẹ tí mo fi irin ìkọ́lé rọ bọ omi, kò le. Ṣé omi ni kò dára?

Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́wọ́ omi. Ó ṣeé ṣe kí kábọ̀ọ̀nù inú irin náà má tó ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí yóò há sínú àpótí kò sì tó nǹkan. Ẹ wá sípíríìnì ọkọ̀ àtijọ́, irú èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ lọ́rì. Tirẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 0.5 sí 0.6, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá. Mo ti ra àdá kan rí tó tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ sóko. Ó dán lójú ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Dídán kò fi kábọ̀ọ̀nù hàn.

Ṣé kírísítálì kan wà tí kò ní àbùkù?

Kò sí, kò sì lè sí níwọ̀n bí ooru bá wà. Ooru ń mi átọ́ọ̀mù, ó sì ń yọ díẹ̀ kúrò ní ìjókòó wọn, àyè òfìfo á sì ṣẹ́ kù. Nínú bàbà tó kù díẹ̀ kó yọ́, àyè òfìfo tó nǹkan bíi mẹ́ta nínú 10,000. Òfìfo yìí ni átọ́ọ̀mù fi ń rìn nínú ohun líle, bí ìgbà tí àga kan bá ṣófo nínú danfo, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sún sí i, tí ẹlòmíràn sì sún sí ti ẹni yẹn.

Yàtọ̀ sí òfìfo, átọ́ọ̀mù àjèjì lè há sí àlàfo bíi kábọ̀ọ̀nù inú irin, tàbí kó gba ìjókòó ẹlòmíràn bíi síńkì inú idẹ. Ìlà odidi náà lè yẹ̀. Ààlà hóró pẹ̀lú, àbùkù ni.

Kí ni ìlà tó yẹ̀? Kí ló dé tí ẹ fi ń pọ́n ọn lé tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí irin ṣeé rọ. Ní 1926, Yakov Frenkel, onímọ̀ físíìsì kan, ṣírò ipá tó yẹ kó gbà kí odidi ìpele átọ́ọ̀mù kan tó yọ̀ lórí èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tó rí pọ̀ púpọ̀. Kírísítálì irin gidi sì ń tẹ̀ lábẹ́ ipá tó kéré sí i ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló fà á?

Ní 1934, ènìyàn mẹ́ta, Geoffrey Taylor, Egon Orowan àti Michael Polanyi, dá ìdáhùn kan náà mú wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ronú rọ́ọ̀gì ńlá tó tẹ́ kún gbọ̀ngàn. Ẹni kan kò lè wọ́ odidi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ká ìṣẹ́po kékeré kan sí etí kan, tó sì fi ẹsẹ̀ ti ìṣẹ́po náà títí dé etí kejì, gbogbo rọ́ọ̀gì ti sún síwájú. Nínú kírísítálì, ìṣẹ́po yẹn ni ibi tí ìlà átọ́ọ̀mù kan ti wọlé tí kò sì dé òpin, bí ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó já wọ àárín àwọn tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ìyẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí pé bí egungun èjìká bá kúrò ní ihò rẹ̀, a máa ń ní èjìká yẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹ̀ ń lọ, átọ́ọ̀mù ń fi ọ̀kan sílẹ̀ di òmíràn mú, ìdí nìyẹn tí ipá tó ń gbà fi kéré.

Ọdún 22 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí i kó máa rìn. Ní 1956, ní Cambridge, Peter Hirsch, Robert Horne àti Michael Whelan rí i nínú alumíníọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ máíkírósíkóòpù onílẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú irin tí a ti lù gan-an, ìyẹ̀ lè pọ̀ débi pé bí a bá to gbogbo èyí tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan lọ́nà mẹ́ta, gígùn rẹ̀ á tó mílíọ̀nù kan kìlómítà. Ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà tó wà láti ayé dé òṣùpá. Mo ti ka iye yẹn ní àìmọye ìgbà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Bí ìyẹ̀ bá ń mú irin rọ, kí ló dé tí wáyà bàbà fi ń le sí i bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn?

Títẹ̀ ń bí ìyẹ̀ tuntun. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, wọn á máa dí ara wọn lọ́nà, bíi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ní Ọjọ́ta. Wáyà náà á le, lẹ́yìn náà á dá. Ẹ ki wáyà tó ti le náà bọ iná títí yóò fi pọ́n, ẹ ó rí i pé ó tún rọ, nítorí hóró tuntun tí ìyẹ̀ kò pọ̀ nínú wọn ti dìde. Ẹ sì lè kì í bọ omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní le. Bàbà kì í yí ìjókòó padà bíi ti irin. Olójú-kún ló wà títí yóò fi yọ́ ní 1085°C.

Ààlà hóró náà ń dènà ìyẹ̀. Bí hóró bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni irin ṣe ń lágbára tó. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hall sọ èyí ní 1951, òmíràn tó ń jẹ́ Petch sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1953.

Orí idẹ Ifẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n?

Ó kàn wọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 jẹ́ idẹ: síńkì ti gba ìjókòó díẹ̀ nínú àwọn átọ́ọ̀mù bàbà. Síńkì kò bá bàbà dọ́gba ní ìwọ̀n, nítorí náà ó ń fún ìtò náà lọ́rùn, ìyẹ̀ kì í sì í rọrùn láti kọjá. Ìdí nìyẹn tí idẹ fi le ju bàbà lọ. Síńkì tún ń mú kí ó tètè yọ́.

Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n wá jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan. Ẹni tó bá ti da bàbà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ń fẹ́ ooru tó pọ̀, kì í ṣàn dáadáa, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra tí ihò fi ń kún inú rẹ̀ bó bá ti ń dì. Kí ènìyàn da irú rẹ̀ kó jọ ojú ènìyàn pátápátá, ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni, àwọn tó ṣe é sì yẹ fún ìyìn kan náà tí à ń fún àwọn tí mo dárúkọ wọn lókè.

Ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi ńkọ́? Ṣé kírísítálì ni?

Rárá, gíláàsì ni. Átọ́ọ̀mù gíláàsì di ara wọn mú, ṣùgbọ́n wọn kò tò; wọ́n dì kí wọ́n tó ráyè wá ìjókòó. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n hú ní Ìgbò Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé wọ́n ń ṣe gíláàsì tiwọn níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ṣé àbùkù ló ń fún òkúta ní àwọ̀?

Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni. Rúbì àti sáfáyà jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù àti ọ́síjìn, tí kì bá ní àwọ̀ rárá. Kúrómíọ́ọ̀mù díẹ̀ ló sọ rúbì di pupa. Irin àti titáníọ́ọ̀mù ló sọ sáfáyà di búlúù. Náítírójìn ń sọ dáyámọ́ńdì di aláwọ̀ ìyeyè, bórónì ń sọ ọ́ di búlúù. Fóònù tí ẹ fi ń ka èyí náà gbára lé àbùkù: sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ rẹ̀, ẹyọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan láàárín mílíọ̀nù kan sílíkọ́ọ̀nù sì ti tó láti mú kí iná gba inú rẹ̀ kọjá ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Mo gbọ́ pé kírísítálì kan wà tí kì í padà wá bíi ti àdìrẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ní 8 oṣù kẹrin 1982, Dan Shechtman, ọmọ Ísírẹ́lì tó ń ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, rí àmì onígun mẹ́wàá nínú àdàlù alumíníọ́ọ̀mù àti máńgánísì. Táìsì onígun márùn-ún tó dọ́gba, tàbí onígun mẹ́wàá, kò lè kún ilẹ̀ láìṣẹ́ àlàfo kù, nítorí náà gbogbo ìwé sọ pé irú ìtò yẹn kò lè sí. Wọ́n ní kó kúrò nínú ẹgbẹ́ ìwádìí rẹ̀. Linus Pauling, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, takò ó títí. Shechtman kò yí ohun tó rí padà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011. Ìtò náà wà létòlétò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí rẹ̀, ìtumọ̀ kírísítálì tí mo fún yín lókè kò gba gbogbo wọn tán.

Kí ni mo lè wò nílé láìsí ẹ̀rọ kankan?

Ẹ wá ọwọ́ ìlẹ̀kùn idẹ tó ti pẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti fọwọ́ kàn. Òógùn ti jẹ ojú rẹ̀, ẹ ó sì rí hóró rẹ̀ bí àpá kéékèèké.

Lẹ́yìn náà, ẹ po iyọ̀ sínú omi gbígbóná títí kò fi ní yọ́ mọ́. Ẹ dà á sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ má sì gbé e kúrò lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan. Àpótí kéékèèké yóò yọ nísàlẹ̀. Ẹ mú èyí tó tóbi jù, ẹ gbé ojú ọ̀bẹ lé e kó bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu, kí ẹ sì lù ú fẹ́rẹ́: yóò là, ojú tó là náà á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ mú òmíràn, ẹ gbé ọ̀bẹ lé e láti igun sí igun, yóò fọ́ wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá sì kó àwọn èérún náà jọ, tí ẹ fi awò wò wọ́n, igun tí ẹ ó rí lára wọn ṣì jẹ́ ti àpótí.